Ẹ̀yin Olùkọ́, Ẹ Mọ Ọpọlọ Ọ̀dọ́langba

Kò sí olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ irú ọmọ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Nígbà tí ó jáde ìwé mẹ́fà, ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Bí a bá ní kí ó jókòó, yóò jókòó. Bí a bá rán an níṣẹ́, yóò jẹ́ iṣẹ́ náà bí a ti rán an. Ṣùgbọ́n kí ó tó lo ọdún méjì ní girama, ó ti di ẹlòmíràn. Ó ń dá olùkọ́ lóhùn. Ó ń rẹ́rìn-ín níbi tí kò sí ẹ̀rín. Ó gbàgbé ìwé kan sílé lónìí, ó sọ òmíràn nù lọ́la. Ohun tí ó mọ̀ dájú pé yóò mú ìyà bá òun, òun náà ni yóò tún ṣe kí oòrùn ọjọ́ kejì tó wọ̀. Bí a bá bi í léèrè ìdí tí ó fi ṣe é, yóò ní òun kò mọ̀. Olùkọ́ a sì bínú, a ní irọ́ ni ó ń pa. Ẹ̀yin ará wa, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé òtítọ́ gan-an ni ọmọ náà ń sọ.

Ohun tí a fẹ́ fi yé àwọn òǹkàwé wa lónìí ni èyí: púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní oríkunkun ọ̀dọ́langba kì í ṣe oríkunkun. Iṣẹ́ ńlá kan ni ó ń lọ lọ́wọ́ nínú ọpọlọ rẹ̀, iṣẹ́ tí ó gbóná janjan láti ìgbà ìbàlágà, tí kì í sì í parí títí ọmọ náà yóò fi lé ní ogún ọdún dáadáa. Olùkọ́ tí ó mọ bí iṣẹ́ yìí ti ń lọ yóò lè bá wọn gbé e ró. Olùkọ́ tí kò mọ̀ ọ́n lè fi ọkàn rere bà á jẹ́. A kò sọ èyí láti gbè sẹ́yìn ìwàkiwà. A ń sọ ọ́ nítorí pé gbẹ́nàgbẹ́nà tí kò mọ irú igi tí ó wà níwájú rẹ̀ kò lè mọ irú irinṣẹ́ tí yóò mú sí i.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ FI KAN GBOGBO ÌLÚ

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn dókítà nìkan ni èyí. Ní ọdún 1952, Olóyè S. O. Awókọ́yà, tí í ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, gbé ìlànà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ka iwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, ṣí ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu fún ọmọ olówó àti ọmọ tálákà. Ní ọdún náà gan-an ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ Modern ọlọ́dún mẹ́ta sílẹ̀, kí àwọn ọmọ tí wọ́n bá jáde ìwé mẹ́fà tí wọn kò rí àyè ní girama má ba à máa rìn kiri ìgboro. Nígbà tí ó di ọdún 1979, àwọn ìjọba UPN ní ìpínlẹ̀ márùn-ún, èyí tí í ṣe Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Bendel, sọ girama pẹ̀lú di ọ̀fẹ́. Ní ọdún 2004, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti gbogbo Nàìjíríà sọ ọ́ di dandan kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lo ọdún mẹ́sàn-án ní ilé-ẹ̀kọ́: mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní girama kékeré tí a ń pè ní JSS.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ọmọ tí ó bẹ̀rẹ̀ ìwé ní ọmọ ọdún 6 yóò wọ JSS 1 ní nǹkan bí ọmọ ọdún 12. Yóò sì jáde SSS 3 ní nǹkan bí ọmọ ọdún 18. Èyí ni pé láti ọjọ́ tí ó ti wọ girama títí di ọjọ́ tí yóò jáde, kò sí ọjọ́ kan tí olùkọ́ rẹ̀ bá ọpọlọ tí ó ti gbó tán pàdé. Àwọn tí wọ́n jà fún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ jà kí ọmọ tálákà lè wọlé. Ìjà tí ó kù fún àwa ni pé kí a má ṣe fi àìmọ̀ tiwa lé e jáde. Ọmọ tí a lé kúrò ní JSS 3 nítorí àìgbọ́ràn, gbogbo owó ìlú tí a ti ń ná lé e lórí láti ọdún mẹ́sàn-án ni ó fẹ́ wọmi. Ọmọ náà kò sì lọ sí ibòmíràn, àdúgbò wa náà ni yóò máa gbé. Ọmọ tí a kò kọ́, òun ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

OHUN TÍ ÀWỌN ONÍMỌ̀ RÍ

Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ọmọ bá ti kọjá ìgbà èwe rẹ̀, iṣẹ́ ti parí lórí ọpọlọ rẹ̀. Kò yani lẹ́nu pé wọ́n gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé nígbà tí ọmọ bá fi máa di ọmọ ọdún 6, ọpọlọ rẹ̀ ti tó nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ti àgbàlagbà ní títóbi. Ṣùgbọ́n ilé tí a ti mọ ògiri rẹ̀ tán kọ́ ni ilé tí a ti parí.

Ní ọdún 1979, Dókítà Peter Huttenlocher ti Yunifásítì Chicago ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde. Ó ti fi ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ọpọlọ àwọn tí wọ́n ti kú, láti orí ọmọ-ọwọ́ títí dé orí arúgbó, ó sì ka àwọn oríkèé tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kan fi so mọ́ èkejì. Ó rí i pé àwọn oríkèé wọ̀nyí pọ̀ ní orí ọmọdé ju ti àgbàlagbà lọ, àti pé wọ́n a máa dínkù bí ọmọ ti ń gòkè àgbà. Ní ọdún 1991, Dókítà Jay Giedd àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìlera ọpọlọ ti ìjọba Amẹ́ríkà, ní ìlú Bethesda, bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ MRI, tí ó lè ya àwòrán inú orí láìfi abẹ kan ènìyàn. Wọ́n ń pe àwọn ọmọ kan náà padà láti ìgbà dé ìgbà kí wọ́n lè rí bí orí wọn ti ń yí padà. Nígbà tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1999, ó hàn gbangba pé apá iwájú ọpọlọ ń nípọn sí i títí di nǹkan bí ọmọ ọdún 11 fún ọmọbìnrin àti ọmọ ọdún 12 fún ọmọkùnrin, pé lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, tí ó sì ń fúyẹ́ bẹ́ẹ̀ jálẹ̀ ìgbà ọ̀dọ́langba.

Kí ni ìtumọ̀ èyí? Àgbẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lóye rẹ̀. Ẹni tí ó ń gbin àgbàdo kì í fi hóró kan ṣoṣo sínú ihò. Yóò fi mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí i. Nígbà tí wọ́n bá hù tán, yóò fa àwọn tí kò lágbára tu, kí àwọn tí ó kù lè rí ilẹ̀ jẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọpọlọ ń ṣe. Ní ìgbà èwe ó so oríkèé tí ó pọ̀ ju èyí tí yóò lò lọ. Ní ìgbà ọ̀dọ́langba ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọn kan tu. Ọ̀nà tí ọmọ bá ń lò lójoojúmọ́ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀. Èyí tí kò bá lò ń kú lọ. Ní àkókò kan náà, ọ̀rá funfun kan ń bo àwọn okùn tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ láti ibì kan sí ibòmíràn, èyí tí ó lè mú kí iṣẹ́ náà yára dé ọ̀nà ìlọ́po 100. Ó dà bí ẹni pé a sọ ọ̀nà oko di títì olọ́dà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀dà yìí kì í ṣẹlẹ̀ níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ẹ̀yìn ọpọlọ ni ó ti ń bọ̀ wá sí iwájú, apá iwájú yìí, tí ó wà lẹ́yìn egungun iwájú orí wa, ni ó sì ń gbẹ̀yìn gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí apá iwájú náà ń ṣe. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án ọdún 1848, olórí àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin kan tí ń jẹ́ Phineas Gage, ọmọ ọdún 25, ń fi ọ̀pá irin ki ẹ̀tù sínú ihò àpáta ní ẹ̀bá ìlú Cavendish ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀tù náà bú gbàmù, ọ̀pá irin tí ó lé ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ní gígùn wọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó gba iwájú ọpọlọ rẹ̀ jáde ní àtàrí. Gage kò kú. Ó tún lo ọdún bí i mọ́kànlá sí i láyé. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń rìn, ó rántí ohun gbogbo. Ṣùgbọ́n dókítà tí ó tọ́jú rẹ̀, John Harlow, kọ ọ́ ní ọdún 1868 pé ìwà ọkùnrin náà yí padà: ẹni tí ó ti jẹ́ onífarabalẹ̀ tí kì í fi iṣẹ́ ṣeré wá di aláìnísùúrù, tí ń pète ohun mẹ́wàá láìmú ọ̀kan ṣe. Ibi tí ọ̀pá irin náà gbà ni àwọn onímọ̀ ti ń kọ́gbọ́n láti ìgbà náà pé iwájú ọpọlọ ni a fi ń kó ara wa ní ìjánu, tí a fi ń ro ọ̀la mọ́ òní, tí a fi ń wọn èrè mọ́ àdánù.

Ní orí ọ̀dọ́langba, kò sí ohun tí ó bàjẹ́ níbẹ̀. A kò tí ì kọ́ ọ tán ni. Ohun tí ó sì mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé apá mìíràn, tí ó wà ní inú lọ́hùn-ún, tí ó ń gbọ́ adùn, ìbẹ̀rù àti ìbínú, ti jí pẹ̀lú agbára ní ìgbà ìbàlágà. Ẹṣin ti ní agbára, ìjánu kò tí ì gbó. Ìdí nìyí tí ọmọ ọdún 15 fi lè sọ òfin ilé-ẹ̀kọ́ lórí bí ẹni mu omi, tí ó tún lè rú u kí agogo ìsinmi tó lù.

Ọ̀DỌ́LANGBA LÁÀÁRÍN ẸGBẸ́ RẸ̀

Nínú gbogbo ìwádìí tí a mọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò sí èyí tí ó yẹ kí olùkọ́ fi sọ́kàn ju ti Margo Gardner àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Laurence Steinberg ti Yunifásítì Temple ní ìlú Philadelphia, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2005. Wọ́n kó ènìyàn 306 jọ ní ọ̀wọ́ mẹ́ta: àwọn ọmọ ọdún 13 sí 16, àwọn ọmọ ọdún 18 sí 22, àti àwọn tí wọ́n ti pé ọdún 24 tàbí tí wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní kí wọ́n máa wa ọkọ̀ nínú eré kan lórí kọ̀ǹpútà. Bí iná ojú títì bá ti di àwọ̀ ìyeyè, ewu ń bọ̀. Ẹni tí ó bá tètè dúró kò ní jèrè púpọ̀, ẹni tí ó bá sì ń sáré síwájú lè forí sọ ògiri. Àwọn kan ṣe eré náà ní àwọn nìkan. Àwọn kan ṣe é lójú ẹgbẹ́ wọn. Àwọn àgbàlagbà kò yí ìwà padà nítorí pé ojú ẹgbẹ́ ń wò wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ọdún 13 sí 16 fi orí wewu púpọ̀púpọ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ wọn wà níbẹ̀. Ní ọdún 2011, Steinberg àti Jason Chein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wo inú ọpọlọ nígbà tí irú eré bẹ́ẹ̀ ń lọ, wọ́n sì rí i pé ojú ẹgbẹ́ ni ó ń jí apá tí ń gbọ́ adùn ní orí ọ̀dọ́langba.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi èyí wé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì. Nígbà tí ẹ bá dojú kọ ọmọkùnrin ọdún 14 níwájú ogójì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ẹ ní kí ó kúnlẹ̀ kí ó sì tọrọ àforíjì lójú ẹsẹ̀, ẹ rò pé ẹ̀yin méjèèjì ni ọ̀rọ̀ wà láàárín yín. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni ogójì ni ọmọ náà ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin kan wà níbẹ̀ ni. Bí ó bá fi orí kunkun, ó pàdánù ojú rere olùkọ́ kan; bí ó bá tẹríba, lójú tirẹ̀, ó pàdánù gbogbo ayé. Àgbà ni yóò mọ̀ pé ayé kò parí síbẹ̀. Ọmọ náà kò tí ì ní ohun tí yóò fi mọ̀ ọ́n ní wéré bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pè é sí ẹ̀yìn kíláàsì nígbà tí àwọn yòókù ti lọ, tí ẹ rọra bi í léèrè, ọmọ mìíràn ni ẹ ó rí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ìyà kan náà sì lè tẹ̀lé e. Ibi tí a ti sọ ọ́ ni ó yàtọ̀.

Ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà níbẹ̀. Bí ẹgbẹ́ bá lágbára láti ti ọmọ sínú ewu, ó lágbára láti tì í sínú oore. Kíláàsì tí a pín sí ọ̀wọ́ kéékèèké, tí a fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tí gbogbo wọn yóò jọ dáhùn fún, ti sọ ojú ẹgbẹ́ náà di olùrànlọ́wọ́ olùkọ́.

Ọ̀RỌ̀ OORUN

Ẹ jẹ́ kí a mẹ́nu kan oorun pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó ti na ọmọ nítorí rẹ̀. Láti ìgbà ìbàlágà, èròjà tí ara fi ń mọ̀ pé oorun tó sùn a máa pẹ́ kí ó tó yọ lálẹ́ ju ti ìgbà èwe lọ. Bí ọmọ náà bá tilẹ̀ dùbúlẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án, ara rẹ̀ lè má gbà. Síbẹ̀, ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10. Nítorí èyí ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà fi dámọ̀ràn ní ọdún 2014 pé kí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀dọ́langba má máa bẹ̀rẹ̀ kí aago mẹ́jọ ààbọ̀ òwúrọ̀ tó lù. Ìpínlẹ̀ California ṣe é ní òfin ní ọdún 2019 fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà, òfin náà sì mú iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2022.

A kò ní kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ wa yí agogo padà lọ́la. Oòrùn wa gbóná, ọ̀nà jìn, òbí sì ní ọjà tí wọ́n fẹ́ tètè dé. Ṣùgbọ́n ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń gbé, tí a ń lù wọ́n jí kí ilẹ̀ tó mọ́, tí a tún ń dá wọn dúró lórí ìwé kíkà títí di òru, ẹ jẹ́ kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ka wákàtí tí ó kù fún oorun, kí ó sì rí bóyá ó pé mẹ́jọ. Ẹ̀yin òbí, ẹ gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ kí ilẹ̀ tó ṣú jù. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ tí ń wọlé sórí rẹ̀ ń fi kún àìsùn tí ara rẹ̀ ti mú wá. Ọmọ tí ń tòògbé ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ lè má jẹ́ ọ̀lẹ. Ó lè jẹ́ pé òru ni kò tí ì mọ́ nínú ọpọlọ rẹ̀.

“PÀṢÁN NI A FI TỌ́ WA”

A ti ń gbọ́ ohùn àwọn kan láti òkèèrè. Wọn yóò ní, pàṣán ni a fi tọ́ àwa, a sì di ènìyàn. A kò bá wọn jiyàn pé wọ́n di ènìyàn. Ṣùgbọ́n a fẹ́ kí wọ́n rántí gbogbo ohun tí ó tọ́ wọn. Ní ayé àwọn bàbá wa, ọ̀dọ́langba kì í jókòó láàárín ogójì ọ̀dọ́langba mìíràn láti òwúrọ̀ di ọ̀sán pẹ̀lú àgbà kan ṣoṣo. Ó wà lẹ́yìn bàbá rẹ̀ ní oko, tàbí lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀ ní ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ, tàbí lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ní ọjà. Ó ní ẹgbẹ́ tí àgbà ń bójú tó. Ó ní iṣẹ́ tí bí kò bá ṣe é, gbogbo ilé ni yóò mọ̀. Pàṣán jẹ́ ọ̀kan nínú ohun mẹ́wàá. Àwa ti ju mẹ́sàn-án nù, a wá ń bínú pé ọ̀kan tí ó kù kò ṣiṣẹ́ bí ti àtijọ́. Àwọn àgbà náà ni wọ́n sì sọ pé bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti gbàgbé ọwọ́ ọ̀tún.

Ẹ̀rù pẹ̀lú ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ọmọ tí àyà rẹ̀ ń já, ìbẹ̀rù náà ni ọpọlọ rẹ̀ ń gbọ́. Àkókò náà kọ́ ni yóò ronú, àkókò náà kọ́ ni ìṣirò yóò yé e. Ẹ̀rù lè mú kí kíláàsì dákẹ́ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ẹ̀kọ́.

Àwọn mìíràn yóò ní, ṣé kí ọ̀daràn máa wá fi ọpọlọ ṣe àwáwí ni? Ẹ jẹ́ kí a wo bí ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ní Amẹ́ríkà ti yanjú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2005, nínú ẹjọ́ Roper àti Simmons, àwọn adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án pinnu pé a kò gbọdọ̀ dájọ́ ikú fún ẹnikẹ́ni tí kò tí ì pé ọdún 18 nígbà tí ó ṣẹ̀. Simmons jẹ́ ọmọ ọdún 17 nígbà tí ó pa obìnrin kan. Ilé-ẹjọ́ kò ní kò jẹ̀bi. Ẹ̀wọ̀n gbére ni ó rọ́pò ikú. Ohun tí àwọn adájọ́ náà sọ ni pé ìwà ọ̀dọ́ kò tí ì gan, pé ẹgbẹ́ tètè ń tì í, àti nítorí náà pé a kò lè wọn ẹ̀bi rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n kan náà pẹ̀lú ti àgbà. Ibi tí àwa náà dúró sí nìyẹn: kí a bá a wí, kí ó sì jẹ ìyà tí ó tọ́ sí i, ṣùgbọ́n kí a má ṣe bá a lò bí ẹni tí ó ti gbó tán.

OHUN TÍ OLÙKỌ́ LÈ ṢE

Èkíní, kí ó sọ òfin rẹ̀ di díẹ̀, kí ó sọ wọ́n ṣáájú, kí ó má sì yí wọn padà nítorí ìbínú ọjọ́ kan. Ìjánu tí kò tí ì gbó nínú ọmọ, òfin tí kò yí padà ni ó lè dúró fún un.

Èkejì, kí ó pín iṣẹ́ ńlá sí wẹ́wẹ́. Kí ó má ṣe fún ọmọ JSS 2 ní iṣẹ́ oṣù kan kí ó sì dúró de òpin oṣù. Kí ó béèrè apá kan ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi bí a ti ń ṣètò àkókò hàn án. Ọgbọ́n ṣíṣètò wà lára ohun tí ó ń gbẹ̀yìn dé.

Ẹ̀kẹta, kí ó fún ọmọ tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ ní ẹrù-iṣẹ́: kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkàwé, ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, ìlù ẹgbẹ́ akọrin. Ohun tí ó bá ń lò ni yóò dúró nínú ọpọlọ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí ó má ṣe pe ọmọ ní olódo láéláé. Orí tí a ṣì ń kọ́ ni. Ọmọ tí ìṣirò kò yé ní ọmọ ọdún 12 lè bá àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ dọ́gba ní ọmọ ọdún 16, bí ẹnìkan kò bá ti sọ fún un pé kí ó má ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́.

Ẹ̀karùn-ún, kí ó la ojú rẹ̀ sí igbó mímu àti oògùn olóró. Ohun tí ń pa àgbà lára ń pa ọpọlọ tí a ń kọ́ lọ́wọ́ lára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe àti kíkó oògùn ikọ́ tí ó ní codeine nínú wọlé ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, nítorí bí àwọn ọ̀dọ́ ti ń mu ún bí ọtí. Òfin nìkan kò tó. Olùkọ́ tí ọmọ lè fọkàn tán ni yóò kọ́kọ́ gbọ́.

Ọ̀RỌ̀ KAN FÚN ÀWỌN ẸLẸ́GBẸ́ ÒṢÈLÚ

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ka ìwé yìí ni wọ́n ní ẹgbẹ́ tí wọ́n ń tẹ̀lé, wọ́n sì ń fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yangàn. Ó tọ́ kí wọ́n yangàn. Lẹ́yìn ọdún 1979, Alhaji Lateef Jákàńdè kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ yàrá kíláàsì ní Èkó láti fòpin sí àṣà kí àwọn ọmọ kan máa lọ ní òwúrọ̀, kí àwọn mìíràn máa lọ ní ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ kí ó tẹ̀lé yàrá ni olùkọ́ tí ó mọ ọmọ. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè, tí a kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní ọdún 1977, ti fi àyè sílẹ̀ fún olùdámọ̀ràn ní ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí olùdíje bá dé àdúgbò yín, tí ó ní òun yóò kun ilé-ẹ̀kọ́ ní ọ̀dà tuntun, ẹ bi í pé: olùdámọ̀ràn mélòó ni yóò wà níbẹ̀? Ọmọ mélòó ni yóò wà lọ́wọ́ olùkọ́ kan? Ta ni yóò kọ́ àwọn olùkọ́ wa ní ohun tí ayé ti mọ̀ nípa ọpọlọ ọ̀dọ́?

Ọ̀rọ̀ tí ó le jù ni èyí. Gbogbo ohun tí a ti sọ nípa ọ̀dọ́langba láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn kan ti mọ̀ ọ́n kí àwọn onímọ̀ tó wádìí rẹ̀, wọ́n sì ń lò ó fún ibi. Ẹni tí ó kó àwọn ọmọkùnrin ọdún 16 sínú ọkọ̀ ní ọjọ́ ìdìbò, tí ó fún wọn ní ọtí àti igbó, tí ó ní kí wọ́n lọ da àpótí ìbò rú, ó mọ̀ pé bí wọ́n bá pọ̀, tí ojú ẹgbẹ́ sì ń wò wọ́n, kò sí èyí tí yóò ro ọ̀la. Àwọn àgbà ilẹ̀ wa kò tí ì gbàgbé “Wẹ́tìẹ̀”, lẹ́yìn ìdìbò oṣù kẹwàá ọdún 1965, nígbà tí a ń da epo sí ilé àti sí ara ènìyàn, tí a ń ṣáná sí i. Nínú irú rògbòdìyàn bẹ́ẹ̀, àgbà ni ó ń rówó ra epo, ọ̀dọ́ ni a ń rán láti dà á. Ẹgbẹ́ tí ó bá kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọ ní ọdún mẹ́rin, tí ó wá fi ọjọ́ kan ṣoṣo sọ ọmọ náà di tọ́ọ̀gì, ohun tí ó fi ọwọ́ ọ̀tún kọ́ ni ó fi ọwọ́ òsì wó yẹn.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, a mọ̀ pé owó oṣù yín kò pọ̀, kíláàsì yín sì kún. A kò fẹ́ fi ẹrù tuntun kún ti orí yín. Ohun tí a ń béèrè kò ná yín lówó: kí ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó bínú, kí ẹ bá ọmọ wí ní ìkọ̀kọ̀ dípò gbangba, kí ẹ rántí pé ọmọ tí ó ga jù yín lọ yẹn ṣì ń retí kí iwájú ọpọlọ rẹ̀ dé bá a. Títí yóò fi dé, ẹ̀yin ni iwájú ọpọlọ rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ girama kì í ṣe ọmọ tuntun mọ́ lójú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ṣì nílò ọwọ́ àgbà. Ẹ má ṣe yọ ọwọ́ kúrò níbẹ̀.